Ọmọrí Mẹ́rìnlá Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, ọmọrí mẹ́rìnlá ló wà nínú páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Gíláàsì ni gbogbo wọn, wọ́n mọ́ gaara, kò sí èyí tí etí rẹ̀ kán. Ìkòkò mẹ́rìnlá tó ni wọ́n kò sí nílé mọ́. Wọ́n wà káàkiri Mowe àti Ibafo, òmíràn tilẹ̀ ti dé Ifo, nílé àwọn èèyàn tí n kò mọ orúkọ wọn. Bàbá mi àgbà ló kó wọn jọ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ mí kí wọ́n tó jáde láyé ni pé kí n má jẹ́ kí ìkòkò àti ọmọrí ya ara wọn. Ọjọ́ mẹ́jọ péré lẹ́yìn ikú wọn ni mo fi pa á mọ́. Ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún yín.

Làmídì ni orúkọ wọn, ọmọ Ìwó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Mowe tí ẹ béèrè Bàbá Làmídì, àwọn ará ibẹ̀ á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Bàbá Ọlọ́mọrí ni kí ẹ béèrè. Orúkọ yẹ̀yẹ́ ni, àwọn ọmọ iléèwé ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ó sì wá mọ́ wọn lára débi pé bí ẹnì kan bá pe Làmídì, wọ́n á kọ́kọ́ wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni. Wọ́n ga, wọ́n sì gbẹ. Wọn kì í pẹ́ bínú, inú wọn kì í sì í pẹ́ rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí màmá mi, àkọ́bí wọn, gbé mi sọ́dọ̀ wọn nítorí òwò Kútọnu. Àdùkẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ báyìí àfi Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn.

Iṣẹ́ títún kúkà gáàsì ṣe ni wọ́n ń ṣe ní Ibafo, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí àwọn oníṣòwò tòkunbọ̀ ń pàtẹ sí. Àwọn tó ń di kọ̀ǹténà nílùú òyìnbó kì í jẹ́ kí àyè kankan ṣòfò. Inú ọ́fìnì kúkà, níbi tí òyìnbó ti ń yan kéèkì, ni wọ́n máa ń ki ẹrù wẹ́wẹ́ sí: bàtà, aṣọ ọmọdé, ṣíbí, àti àwọn ìkòkò funfun kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé. Òfin ibẹ̀ ni pé ohun tí ẹni tó ń tún kúkà ṣe bá bá nínú rẹ̀, tirẹ̀ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń du bàtà. Bàbá kì í bá wọn du bàtà. Ìkòkò funfun ni wọ́n ń kó.

Ẹ óò mọ̀ ọ́n bí ẹ bá rí i. Ó funfun bí ẹyin, ó ń dán bí àwo tánganran, òdòdó búlúù mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ní etí kéékèèké méjì tí a fi ń gbé e. Kò sí ẹni tó máa rí i tí kò ní rò pé àwo ìjẹun ni. Àmọ́ ìkòkò iná ni. Àwọn òyìnbó ti ṣíwọ́ ṣíṣe é bíi ti àtijọ́, Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. N kò mọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn.

Ọkùnrin kan tó ń ta fíríìjì tòkunbọ̀ ní Ibafo kò gbà. Ó ní tánganran kò lè rójú iná, pé bí Bàbá bá dán an wò, èéfọ́ rẹ̀ ló máa gba ojú wọn lọ. Bàbá ò bá a jiyàn. Wọ́n gbé ìkòkò kan sínú fíríìsà ọkùnrin náà láàárọ̀, wọ́n lọ kírun ọ̀sán, wọ́n dé, wọ́n tan iná kúkà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, wọ́n sì gbé ìkòkò tó ti di yìnyín náà lé e lórí. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ fà sẹ́yìn. Obìnrin kan di etí. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá bu omi sí i, wọ́n se ẹyin mẹ́fà nínú rẹ̀, wọ́n sì pín in fún àwọn tó sá. Ìtàn yìí ni wọ́n fẹ́ràn jù, bákan náà ni wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ nígbà gbogbo: “Ohun tó ti rí òtútù àti iná tí kò sọ̀rọ̀, ẹ má fi ojú àwo wò ó.”

Ẹ má rò pé gbogbo ìkòkò olódòdó ni wọ́n ń gbà o. Nígbà tí òkìkí wọn kàn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbé oríṣiríṣi wá. Obìnrin kan gbé ọ̀kan wá láti ìlú Ọbáfẹ́mi, ó wé e bí ọmọ tuntun. Òdòdó búlúù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé lára rẹ̀, etí méjèèjì pé. Bàbá ò tilẹ̀ wo òdòdó. Wọ́n da ìkòkò náà dé, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìdí rẹ̀ yípo, wọ́n sì dá a padà fún un. Ìgbà tí obìnrin náà lọ tán ni wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n sì gbé ọwọ́ mi lé ìdí tiwọn kí n rí i pé ó ń jọ̀lọ̀ jálẹ̀jálẹ̀. Wọ́n ní ti obìnrin yẹn ní ibi kan tó rí ṣákaṣàka yípo ìdí rẹ̀, irú rẹ̀ ló máa ń bẹ́ bí iná bá kàn án. Mo ní ṣùgbọ́n òdòdó kan náà ni. Wọ́n ní, “Òdòdó kọ́ ni ìkòkò.”

Ìyá Àgbà kórìíra àwọn ìkòkò náà. N kò lè fi bò. Ìkòkò irin tí ìdí rẹ̀ ti dúdú ni wọ́n fi ń dáná, ilé wa sì kéré, yàrá méjì àti pálọ̀. Nígbà tí ìkòkò funfun gba orí kọ́bọ́ọ̀dù tán, ó bọ́ sórí rédíò, láti orí rédíò ó bọ́ sábẹ́ àga. Bàbá a máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi se ọbẹ̀. Wọ́n á gbà lọ́jọ́ kan, wọ́n á kọ̀ lọ́jọ́ mẹ́wàá. Ohun tó ń bí wọn nínú jù ni òfin kan ṣoṣo tí Bàbá ṣe lórí ìkòkò náà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rokà nínú rẹ̀, kí omorogùn má baà ha á. Lọ́jọ́ kan tí àlejò dé láti Ìwó, Ìyá kó gbogbo wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n fi orúkọ àbígbẹ̀yìn wọn pe Bàbá, wọ́n ní, “Bàbá Kúbúrá, ìkòkò tí èèyàn ò lè rokà nínú ẹ̀, kí ni kí n fi ṣe? Kí n máa kí i?”

Gbogbo àlejò rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó ìkòkò náà padà wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó ku ẹyọ kan, wọ́n dúró ti Ìyá pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. “Máa kí i nígbà náà. Ó ti rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.”

Ọ̀rọ̀ ọmọrí ló wá di àìsàn sí wọn lára. Gíláàsì ni ọmọrí ìkòkò yìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú kọ̀ǹténà, òun ló máa ń kọ́kọ́ fọ́. Ọ̀pọ̀ ìkòkò máa ń dé ní ìhòòhò. Bàbá kì í sì í ka ìkòkò tí kò lọ́mọrí. Bí ẹ bá bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n ní, àwọn tó pé nìkan ni wọ́n máa kà fún yín, àwọn yòókù á máa wò yín láti orí kọ́bọ́ọ̀dù bí ọmọ tí wọn ò pe orúkọ rẹ̀. Ẹnu ìkòkò náà kò rí róbótó bíi tiwa. Onígun mẹ́rin ni, igun kọ̀ọ̀kan wá ká díẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ọmọrí kọ́mọrí ló lè bá a mu. Bàbá bá gé páálí sí ìwọ̀n ẹnu ìkòkò kọ̀ọ̀kan tó wà ní ìhòòhò. Àpò dàńṣíkí wọn kì í ṣófo fún páálí wọ̀nyí. Bí wọ́n bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, kí àfáà tó ṣàdúrà tán, wọ́n ti wà ní ilé ìdáná onílé, wọ́n ń fi páálí wọn ọmọrí wò. Ìtìjú ti pa mí nítorí wọn ju bí mo ṣe lè kà lọ. Mo sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tún páálí wọn tò, wọ́n ní, “Sọ fún wọn kí wọ́n wo ilé ìdáná ìyá wọn dáadáa.”

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ wọ́n sí jù lọ rèé. Ìkòkò kan wà, òun ló tóbi jù, tó jókòó fún ọdún mẹ́rin láìlọ́mọrí. Bàbá bá ẹnì kan lọ sí Ifo lọ́jọ́ ọjà, wọ́n sì rí ọmọrí gíláàsì kan lórí agbada irú. Wọ́n fa páálí yọ, wọ́n tọrọ ààyè, wọ́n gbé e lé e. Kò yẹ̀ níbì kankan. Ìyá àgbàlagbà tó ń ta irú náà ní òun ò fi tọrẹ, òun ò sì tà á. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ní ọmọrí yìí, àwọn oníbàárà ń rí irú òun láìṣí i, eṣinṣin ò sì rí àyè wọlé. Bàbá padà lọ. Wọ́n gbé ọmọrí mìíràn lọ fún un, ó kọ̀ ọ́. Wọ́n gbé asẹ́ lọ, ó kọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n wọkọ̀ méjì méjì lọ sí Ifo nítorí ọmọrí kan, Ìyá Àgbà sì ti ń sọ fún àwọn ará ilé pé obìnrin ni Bàbá ní lọ́hùn-ún.

Ìgbà karùn-ún ni wọ́n mú mi dání. Mo ti tó ọmọ ọdún méjìlá. Wọ́n fi yúnífọ́ọ̀mù mi tó ti gbó wé ìkòkò ńlá náà, wọ́n gbé e lé itan títí a fi débẹ̀. Èrò mi ni pé wọ́n fẹ́ fi han ìyá náà kí àánú lè ṣe é. Wọ́n kí i, wọ́n tú ìkòkò sílẹ̀, wọ́n ní kí ó jọ̀ọ́ kí àwọn fi ọmọrí rẹ̀ dé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbà. Bàbá gbé ọmọrí náà lé e. Ó jókòó, ó sì dún díẹ̀, kín. Bàbá wò ó pẹ́. Ìyá onírú náà wò ó. Lẹ́yìn náà ni Bàbá ṣí i, wọ́n bu irú inú agbada sínú ìkòkò funfun náà, irú tó ń rùn yẹn, wọ́n dé e padà, wọ́n sì tì í sí iwájú ìyá náà. Bàbá gba ọwọ́ mi, a sì lọ.

Inú bí mi gan-an. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi kúrò ní Ifo. Mo bi wọ́n pé ṣebí ọmọrí la wá gbà, kí ló dé tí a fi gbé ìkòkò sílẹ̀. Wọ́n ní, “Àdùkẹ́, bí nǹkan méjì bá máa pé, ẹnì kan ní láti jọ̀wọ́ tirẹ̀. Ó ti kọ̀. Èmi ló kù.”

Kò yé mi nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, mo dàgbà, mo di olùkọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí, kò tíì yé mi.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rí ọmọrí fún èyí tó kẹ́yìn, ó wá di mẹ́rìnlá gééré. Kò sí ìkòkò kankan nílé tó wà ní ìhòòhò mọ́. Wọ́n fa gbogbo páálí àpò wọn yọ, wọ́n fi dáná omi. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn, apá ọ̀tún wọn kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, a gbé wọn padà. Àwọn dókítà ní kí a máa lo oògùn, kí a sì máa ṣe sùúrù. N kò mọ nǹkan tó le tó kí èèyàn jókòó ti ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, kí ó máa wo bí ó ṣe ń já ṣíbí bọ́. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ bí wọ́n ṣe ń di kálàmù mú. N kò lè kọ́ bàbá mi bí wọ́n ṣe máa di ife mú.

Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń ní kí n gbé ìkòkò kékeré kan wá sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ òsì gbìyànjú láti gbé ọmọrí rẹ̀ lé e. Ó ń yọ̀. Ó ń wọ́. Wọ́n á tún un ṣe. Nígbà mìíràn wọ́n lè lo àsìkò tó gùn tó èyí tí mo fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò kan lórí ọmọrí kan. Lọ́jọ́ kan n kò lè wò ó mọ́, mo na ọwọ́ láti bá wọn gbé e. Ohùn wọn ti ń wọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ wọn kedere: “Fi mí sílẹ̀. Mo ń bọ̀.”

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n lọ ni wọ́n pè mí. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀. Wọ́n kò sọ̀rọ̀ ilé, wọn kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ní ní Ìwó. Wọ́n nawọ́ òsì sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní, “Àdùkẹ́, má jẹ́ kí wọ́n ya ara wọn.” Mo ní mo gbọ́. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí.

A sin wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n kú gan-an, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ìyá Àgbà wọ tákàbá, wọ́n jókòó sínú yàrá, wọn ò sì gbọdọ̀ jáde fún oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kẹjọ ni a ṣe fìdáù. Àǹtí Kúbúrá, àbígbẹ̀yìn Bàbá, ra abọ́ oníke púpọ̀, wọ́n sì tẹ sítíkà kékeré tí àwòrán Bàbá wà lára rẹ̀. A máa bu oúnjẹ sínú abọ́, a máa lẹ àwòrán mọ́ ọn, àlejò á sì gbé e lọ sílé, kí ó lè máa fi rántí òkú, ohun tí a ń pè ní súfíníà. Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn àfáà tó wá pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ Bàbá láti Ibafo kún ojúde, abọ́ sì tán nígbà tí èèyàn ṣì ń bọ̀. Àǹtí Kúbúrá wọlé wá, ojú wọn ti pọ́n, wọ́n ní kí n kó ìkòkò funfun jáde kí a fi bu oúnjẹ fún àwọn àgbà, wọ́n á jẹ tán, a ó sì kó o padà.

Ó yẹ kí n ní rárá. N kò lè ní rárá fún àǹtí mi lójú àlejò, lọ́jọ́ fìdáù bàbá wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ronú bí n ó ṣe dáàbò bò wọ́n. Ọmọrí gíláàsì lè fọ́ láàárín èrò, nítorí náà mo ṣí gbogbo rẹ̀, mo kó wọn sínú páálí, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì fi láílọ́ọ̀nù bo oúnjẹ. Sítíkà ṣẹ́ kù lórí tábìlì. Mo ní bí mo bá lẹ àwòrán Bàbá mọ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ pé ti Bàbá ni, wọ́n á sì dá a padà. Mo fara balẹ̀ lẹ̀ wọ́n, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Mo tilẹ̀ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi tí mo ti jókòó síbi fìdáù tí kò lóǹkà, tí mo ti gbé abọ́ tí àwòrán òkú wà lára rẹ̀ wálé láìmọye ìgbà, èmi ni n kò mọ̀. Nígbà tí mo fi jáde láti gbé omi, ojúde ti ń dá. Wọ́n ń gbé ìkòkò Bàbá lọ, wọ́n dì í mọ́ àyà, wọ́n ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà kẹ́ wọn. Àgbàlagbà kan yọ láti jìnnà, ó gbé tirẹ̀ sókè sí mi, ó ní súfíníà yìí mà dára o, Bàbá jẹ́ ẹni iyì. Mo ní ẹ ṣé sà. Ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Mo gbìyànjú. Ẹ gbà mí gbọ́. Mo tọpa ọ̀kan dé ilé ìyá kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, mo rí ìkòkò náà lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti kúnlẹ̀, ó ti ń súre fún Bàbá, ó ní òun ń fi omi mímu sínú rẹ̀, gbogbo ìgbà tí òun bá mu ún ni òun ń ṣàdúrà fún wọn. Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó dá a padà? Mo mu omi náà, mo dúpẹ́, mo padà sílé. Mo lọ bá àfáà wa. Wọ́n gbọ́ mi parí, wọ́n mi orí, wọ́n ní ohun tí èèyàn bá ti gbé jáde lórúkọ òkú ti di sàárà, a kì í bèèrè sàárà padà. Àǹtí Kúbúrá sunkún, wọ́n tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ẹkún wọn kò gbé ìkòkò kan wálé.

Ìyá Àgbà ni ẹ̀rù wọn bà mí jù láti sọ fún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi pa á mọ́ra. Nígbà tí mo wá sọ ọ́, mo rò pé wọ́n á ní ilé wá gba afẹ́fẹ́ wàyí. Wọ́n wo orí kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣófo. Wọ́n fi ìborùn wọn bojú, wọ́n sì sunkún bí wọn ò ṣe sun ún lọ́jọ́ tí Bàbá kú. Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Ta ni n ó wá máa kí báyìí?”

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan ni, kò dàgbà jù mí lọ, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó ní aránṣọ ni òun, láti Ọ̀yọ́ ni òun ti wá, òun háyà yàrá kan lójú pópó kejì. Ó ní ọ̀gá òun ló mú òun wá síbi fìdáù wa, òun ló sì fún òun ní tirẹ̀. Ó tú ìdì ọwọ́ rẹ̀. Ìkòkò funfun wà níbẹ̀. Iná ti jó ojú Bàbá kúrò lára sítíkà, fìlà wọn nìkan ló kù.

“Ẹ má bínú, àǹtí. Inú ẹ̀ ni mo fi ń se ògì ọmọ mi, kì í jóná rárá. Èéfín ló ń kó sí i. Mo ní kí n wá bèèrè bóyá Bàbá fi ọmọrí ẹ̀ sílẹ̀.”

Mo gba ìkòkò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dà á dé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìdí rẹ̀ yípo. Ó ń jọ̀lọ̀. Ìkòkò kékeré ni, èyí tí Bàbá ń fi ọwọ́ òsì gbé ọmọrí lé láràárọ̀. Ó ti wà nínú ilé wa, ó ti wà lọ́wọ́ mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí n sọ: pé àṣìṣe ni, pé wọn kò fi tọrẹ. Obìnrin náà ò ní bá mi jà, mo rí i lójú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jí, ó ń wò mí. Mo ro ti Ifo, mo ro ti yúnífọ́ọ̀mù mi tó gbó, mo ro ti irú.

Mo wọlé, mo fa páálí jáde. Ẹ̀kẹrin tí mo dán wò ló bá a mu. Ó jókòó, ó dún kín. Mo gbé e fún obìnrin náà. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo di apá rẹ̀ mú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí ó bá rí ẹnikẹ́ni tó ní irú ìkòkò yìí, níbikíbi, kó sọ fún un pé ọmọrí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Ó ṣèlérí. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ kan di ọmọrí mú kí ó má baà yọ̀. Ó dùn mí. N kò ní purọ́ pé kò dùn mí.

Ìyá Àgbà ti gbọ́ kín náà láti inú yàrá. Wọ́n bi mí pé èwo ni. Mo ní kékeré ni, ti ògì. Wọ́n ní ó ku mélòó. Mo ní ó ku mẹ́tàlá, mo sì dìde láti lọ ti ilẹ̀kùn ìta.

Wọ́n ní, “Àdùkẹ́, má tì í.”